Egbò Tí Kò Dun Màmá Ọmọ́lẹ́yẹ

Àwọn ará àdúgbò Gideon káfíńtà ní Erinje kì í wo aago kí wọ́n tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ohùn ìyá rẹ̀, Màmá Ọmọ́lẹ́yẹ, ni aago wọn. Kí oòrùn tó yọjú lẹ́yìn àwọn igi ọ̀pẹ, màmá á ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á ti máa ka ẹ̀sùn sí ìyàwó ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀: ó gbálẹ̀, kò gbá ìdí àmù, ó koná, iná pọ̀ jù lábẹ́ púpurú, ó fa igi kúrò, iná ti kéré jù. Ṣìkẹ́mi, ìyàwó ilé, a máa dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, Màmá," bí ẹni tí wọ́n ń yìn, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọdún kan ààbọ̀ rèé tí orúnkún ti lé ìyá náà kúrò nídìí ẹja títà létí òkun wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, àwọn obìnrin méjèèjì sì ti mọ ìjà ara wọn bí ẹni mọ orin ìsìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí à ń wí yìí, oòrùn yọ, ó gòkè, ilé pa lọ́lọ́.

Ṣìkẹ́mi ti yí gbogbo púpurú orí ẹ̀fín, ìṣù ẹ̀gẹ́ tí à ń rò jẹ, láti ojú kan sí ìkejì kó tó fura. Ẹnu rẹ̀ ti ya láti sọ pé, "Ẹ ṣeun, Màmá," nígbà tó rí i pé ẹnikẹ́ni kò bá òun wí. Ó sọ igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé.

Ó bá màmá létí ibùsùn, tó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ìró rẹ̀ ti ká sókè kúrò lójúgun, níbi tí egbò àkọ́kọ́ wà. Wáyà ara agbọ̀n ẹja tó gbé wá láti etí òkun ló họ ọ́ níbẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò ju ojú èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Ó wú, ó di kókó. Kókó là, ó di egbò. Etí rẹ̀ pọ́n, àárín rẹ̀ dúdú, kò sì jinná. Òmíràn ti yọ lápá, ẹ̀kẹta ti wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ojú bí àlejò tó gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìpara mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni oníkẹ́míìsì ti tà fún wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni màmá sì ń sọ lójoojúmọ́: "Kò dùn mí. Ohun tí kò dunni, kí la fẹ́ bá a jà sí?"

"Màmá, kí ló ṣe yín?"

"Orí ń fọ́ mi. Lọ máa ṣe iṣẹ́ rẹ."

Ṣìkẹ́mi yí ọ̀rọ̀ náà wò. Lọ máa ṣe iṣẹ́ rẹ? Kò sí "ọ̀lẹ" níbẹ̀. Kò sí "ìwọ ọmọ Ìkálẹ̀ yìí." Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi orúkọ ọmọ wọn, tó ti lọ sílé ìwé, pe ọkọ rẹ̀ nídìí pátákó tó ń fá.

"Bàbá Òkìkí, ẹ wá wo ìyá yín."

Gideon jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní bí èèyàn bá kí i lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀ ni kó padà wá gba ìdáhùn. Ó wọlé, eruku igi ní irùngbọ̀n, ó lóṣòó síwájú ìyá rẹ̀.

"Ìye," ni ó wí, bí àwọn Ìlàjẹ tiwọn ti ń pe ìyá, "ṣé kí n ra oògùn yẹn kún un?"

"Oògùn wo?" ni Ṣìkẹ́mi bi í. "Oògùn orúnkún ló máa wo orí fífọ́? Egbò oṣù mẹ́ta nìyí, ó ti bímọ méjì. Ọsibítù ló kàn."

"Ká ní sùúrù di ọ̀la."

"Sùúrù ni a fi ra ìpara àkọ́kọ́. Sùúrù ni a fi ra ẹ̀kejì. Ṣé títí egbò náà á fi lọ́mọ-ọmọ ni?"

Gideon wo ilẹ̀. Ọ̀la ni ó ń wí láti oṣù tó kọjá.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Janet fi wọlé, aládùúgbò wọn tó ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́nu ọ̀nà ilé kejì. Janet kì í kan ilẹ̀kùn. Ó ní ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn kì í bá ọ̀rọ̀ nílẹ̀.

"Aago wa kò dún lónìí," ni ó wí. "Mo ní kí n wá wò ó. Màmá, ẹ kú orí fífọ́. Ìyá Òkìkí, mo ti sọ fún ọ pé egbò tí kò dunni kì í ṣe ojú lásán. Ẹnìkan ló fi ránṣẹ́ láti etí òkun. Tàbí kí màmá ti gba ibi tí wọ́n da nǹkan sí kọjá."

"Janet, agbọ̀n ẹja ló họ wọ́n."

"Ta ló ni agbọ̀n?"

"Àwọn ló ni ín."

Janet ronú díẹ̀. "Ta ló hun ún?"

Ṣìkẹ́mi gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, tí ì bá ti lé Janet jáde láti ìgbà tó ti dárúkọ etí òkun, tó sì kàn jókòó, tó ń mí. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó ní kí òun dán nǹkan kan wò.

Ó padà sílé ìdáná, ó ro púpurú, ó gé ilá, ó se é pẹ̀lú ẹja yíyan, epo àti ata. Kò fi iyọ̀ sí i, bó ti wù kó kéré mọ. Nínú ilé tí wọ́n ti máa ń bá a jà nítorí pé iyọ̀ dín ní ìka kan, ó gbé ọbẹ̀ tó tẹ́ bí omi òjò síwájú Màmá Ọmọ́lẹ́yẹ, ó sì dúró bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

Màmá bu òkèlè. Ó fi run ilá, ó gbé e mì. Ó dúró. Ó wo ojú Ṣìkẹ́mi fún ìgbà pípẹ́.

"Ó dára, ìyàwó," ni ó wí. "O ṣeun."

Ṣìkẹ́mi fa Janet jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "O gbọ́ ohun tí wọ́n wí? Mi ò fi iyọ̀ sí i o! Mi ò fi iyọ̀ kankan sí i!"

Janet tú ìró rẹ̀, ó tún un ró gírígírí. "Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù," ni ó wí. "Ẹ fi ti ẹni tó hun agbọ̀n sílẹ̀. Ẹ máa lọ!"

Ohun tó wá já Ṣìkẹ́mi láyà jù ni pé màmá kò bá wọn jà. Àná ló ṣì ń sọ pé bí òun bá wọ ọsibítù, wọ́n á gé òun lẹ́sẹ̀ bí ẹni gé ọ̀gọ̀mọ̀ ọ̀pẹ. Lónìí, ó kàn wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó yẹ ká lọ lóòótọ́. Ẹ mú gèlé mi wá."

Nínú táksí tó ń gbé wọn lọ sí Okitipupa, Ṣìkẹ́mi sa gbogbo ipá rẹ̀ láti wá ìjà. Ó ní ọ̀nà etí òkun kò dára tó ti Ìkálẹ̀. Màmá kò wí nǹkan kan. Ó ní ẹja, bó ti wù kí wọ́n yan án tó, kò lè dùn tó ẹran ìgbẹ́. Dẹ́rẹ́bà gan-an, ọmọ Ìlàjẹ, yíjú wò ó pẹ̀lú ìbínú. Màmá kàn na ọwọ́, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan Ṣìkẹ́mi níwájú orí, bí a ti ń wò ó bóyá ara ọmọdé gbóná. Ṣìkẹ́mi gbé ojú sí fèrèsé kí wọ́n má baà rí omi ojú rẹ̀.

Dókítà tó gbà wọ́n kéré lọ́jọ́ orí, ó kéré ní ìdúró, awò ojú rẹ̀ sì fẹ̀ bí àwo. Morádéyọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí màmá kó tó jókòó, màmá sì gbà pé ilé ire ló ti wá. Ó di nǹkan mọ́ màmá lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wò ó, ó tún un wò.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ga púpọ̀, Màmá. Ó lè jẹ́ ohun tó ń fọ́ yín lórí nìyẹn. Oògùn wo lẹ ń lò?"

Gbogbo wọn wo Gideon. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ̀rá kékeré kan jáde. Hóró oògùn wà nínú rẹ̀, funfun àti olómi-ọsàn, kò sí orúkọ kan lára rẹ̀. Dìde-Kí-O-Rìn ni àwọn tó ń tà á nínú ọkọ̀ ń pè é. Gideon ló ń rà á fún ìyá rẹ̀ ní gáréèjì. Méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, màmá sì ti padà ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ó lé lọ́dún kan," ni Gideon wí.

Dókítà Morádéyọ̀ gbé ọ̀rá náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀. "A ó yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n mo ti rí irú rẹ̀ rí. Oògùn líle kan ló wà nínú rẹ̀ tí àwa náà máa ń fún aláìsàn, fún àkókò díẹ̀, tí a ó sì máa ṣọ́ ọ. Ó ń pa ìrora lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń lò ó bẹ́ẹ̀, ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di ríru, ó ń kun àwọn ọmọ ogun inú ara lóorun. Ó sì máa ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ bàm̀bà."

Ṣìkẹ́mi gbé ojú sókè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ọdún kan gbáko ni àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì fi ń yìn ín nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí. "Ìyá Òkìkí, o mà ń tọ́jú ìyá ọkọ rẹ o! Wò ó bó ti ń dán bí òṣùpá!" Òun náà á sì wo ilẹ̀ díẹ̀, á ní kì í ṣe mímọ̀ ọ́n ṣe òun, púpurú ni.

"Ẹ má dá a dúró lójijì o," ni dókítà wí. "Ìyẹn náà léwu. Àwa la ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Omi wo lẹ fi ń fọ egbò náà?"

"Omi iyọ̀," ni màmá dáhùn.

"Níbo lẹ ti ń pọn ọ́n?"

Wọ́n wo ara wọn. Kànga ẹ̀yìnkùlé wọn kò ní ìdérí. Ewé ń bọ́ sí i, àwọ̀ ewéko ti bo ògiri rẹ̀ nínú, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá èèyàn kì í rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ omi wà lójúde àdúgbò, wọ́n fi tẹ́ẹ̀pù mẹ́fà sí i, wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò. Omi rẹ̀ yọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri gbọ̀ngàn ìlú, ó mọ́ ju omi lọ.

"Kànga," ni Ṣìkẹ́mi wí nígbẹ̀yìn.

Dókítà kò bú wọn. Ó gé ẹran tíńtín létí egbò ojúgun, ó fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, ó fún màmá ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní kí wọ́n dúró. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Gideon ra ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Ṣìkẹ́mi kò bi í ní nǹkan kan nípa ọ̀rá inú àpò rẹ̀. Àìbi í yẹn dun Gideon ju kí wọ́n bú u lọ. Ó jókòó, ó ń fi àtàǹpàkò họ bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń wá ibi tí pátákó ti là.

Ó pẹ́ kí ọkùnrin kan tó jáde láti yàrá àyẹ̀wò, ó ń sáré, aṣọ funfun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Adéjọbí ni, ẹni tó máa ń fi awò ńlá wo àwọn kòkòrò àìrí. Ó pe dókítà wọlé. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí dókítà padà, ó fa àga sún mọ́ wọn, ó sì rọra sọ̀rọ̀.

"Màmá, ohun ẹlẹ́mìí kékeré kan wà tó ń gbé inú omi àti inú iyẹ̀pẹ̀. Àmébà là ń pè é. Ojú lásán kò lè rí i. Gbogbo wa là ń fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́, ara wa sì ń lé e lọ. Irú ti yín yìí, kò wọ́pọ̀ kó ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Inú ìwé ni mo ti kà nípa rẹ̀, mi ò tíì fojú kàn án rí títí di òní. Ṣùgbọ́n bó bá rí ojú ibi tó họ, tó sì bá àwọn ọmọ ogun ara lójú oorun, ó lè wọlé."

"Kò wọ́pọ̀?" ni màmá bi í. Ó yí gèlé rẹ̀ gún. "Nínú gbogbo Erinje, èmi ló yàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. A ó fi díẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí ẹ̀rọ wọn ju tiwa lọ, kó lè dá wa lójú. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé bó bá pẹ́ lára awọ, ó lè bá inú ẹ̀jẹ̀ gun orí lọ, kó wọ ọpọlọ. Bó bá wọ ibẹ̀, ó nira."

Ṣìkẹ́mi dìde, ó tún jókòó. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni ó ń rí lójú rẹ̀. *Ó dára, ìyàwó. O ṣeun.* Ó ti wọ ọpọlọ nìyẹn. Ó ti wọ ibẹ̀, òun sì wà nídìí púpurú. Ó rántí iye ìgbà tó ti bẹ Ọlọ́run pé kí ó fún òun ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo tí ìyá yìí kò ní sọ̀rọ̀. Ọlọ́run ti gbọ́. Ó fẹ́ bẹ̀ Ẹ́ kí Ó gbà á padà.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan díẹ̀, Màmá," ni dókítà wí. "Kí lorúkọ yín? Òní ọjọ́ wo ni?"

"Ọmọ́lẹ́yẹ. Túsìdeè."

"Ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Mẹ́rin. Èyí tó jókòó yìí ni àbíkẹ́yìn. Ó pẹ́ kó tó fọhùn. Títí di òní, kò tíì fọhùn tán."

"Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé yín láti ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún sẹ́yìn fún mi."

Màmá Ọmọ́lẹ́yẹ tún ara rẹ̀ jókòó. Ó na ìka kan.

"Ọjọ́ Ẹtì, ìyàwó yìí gbé ìkòkò ńlá mi fún Janet láìbi mí. Ìkòkò náà kò tíì padà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó fi omi tí kò hó ro púpurú, ó di kókó lódindi, ó ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ló dún. Ọjọ́ Àìkú, ìwàásù ti dé ìdajì kí a tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, torí ó ń wá bàtà kan. Abẹ́ ibùsùn mi ni bàtà náà wà. Mo mọ̀. Mi ò sọ. Nígbà tí a sì dé, ó kọrin ju gbogbo ìjọ lọ, orin rẹ̀ ń lọ sápá ọ̀tún, dùùrù ń lọ sápá òsì. Lánàá, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ti fọ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. Irọ́ ni. Ó ká a mọ́ abẹ́ èyí tó mọ́."

Gideon wo ṣòkòtò tó wọ̀. Ṣìkẹ́mi ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Lónìí," ni màmá tẹ̀síwájú, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀, "ó gbé ọbẹ̀ ilá tí kò níyọ̀ rárá wá síwájú mi. Mo tọ́ ọ wò. Mo wo ojú rẹ̀. Ojú náà le koko, ó rí bí ojú ẹni tí nǹkan ń ṣe. Mo ní háà, ọmọ yìí ti ń ṣiwèrè, iṣẹ́ púpurú ti pọ̀ jù fún un. Kí n má fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un. Ni mo bá ní ó dára. Nínú ọkọ̀ ẹ̀wẹ̀, ó ń sọ pé ẹja kò dùn tó ẹran ìgbẹ́. Mo fọwọ́ kàn án lórí, kò gbóná. Dókítà, òun gan-an ni mo tẹ̀ lé wá. Ṣebí ẹ rí i pé mi ò bá wọn jà? Orí tèmi ń fọ́ lásán ni. Orí tirẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí ìyàwó méjì nílé wa."

Bí ọ̀ràn bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń rín. Ṣìkẹ́mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà. Ó di ẹsẹ̀ màmá mú, ẹsẹ̀ tí kò légbò. "Ẹ tún un sọ, Màmá! Ẹ sọ ti bàtà lẹ́ẹ̀kan sí i!"

"Ẹ rí i?" ni màmá wí fún dókítà. "Ohun tí mò ń wí nìyẹn."

Dókítà Morádéyọ̀ ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Màmá, èmi kò rántí ohun tí mo jẹ lánàá. Bí nǹkan kan bá ti wọ ọpọlọ yín, ó dà bí ẹni pé ẹ ti lé e jáde." Ó tún fi ọwọ́ kan ọrùn ìyá náà, ó tan iná sí i lójú, ó ní kó fún òun lọ́wọ́ méjèèjì, kó tẹ̀ ẹ́. Màmá tẹ̀ ẹ́ títí dókítà fi ké. "Lọ́la, a ó gbé yín lọ síbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú orí, kí ọkàn wa lè balẹ̀. Lónìí, ẹ ó sùn sọ́dọ̀ wa, a ó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Yóò pẹ́ o. Oògùn rẹ̀ pọ̀, oṣù púpọ̀ ni."

Kí n kúkú sọ ọ́ níhìn-ín kí ọkàn ẹnikẹ́ni má baà wà lókè: àwòrán náà jáde lọ́jọ́ kejì, orí màmá mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ìyẹn, ọ̀la ni.

Kí wọ́n tó gbé e lọ sí ibùsùn, màmá ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ láìrí ẹni tó ń jẹ òun. Dókítà ní kò sí irú rẹ̀. Màmá ní èwo ni kò sí, ṣé ẹran ara òun kọ́ ló wà lábẹ́ awò ni? Adéjọbí, tí inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un dé ìdí awò ńlá náà. Màmá fi ojú kan wò ó. Ó rí ohun kan tó tàn bí omi, tó ń fà tìì bí ìgbín, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ lára rẹ̀.

"Ìwọ nìyí?" ni ó wí fún un. "Ìwọ tí o kò tó irun eṣinṣin? O mà láyà o. O kúrò nínú kànga, o wọ inú Ọmọ́lẹ́yẹ. Ó kù sí ọ lọ́wọ́."

Ó di ọ̀sán gangan kí Gideon àti ìyàwó rẹ̀ tó jáde, kí wọ́n lọ kó aṣọ, abọ́ àti omi tí a sè fún màmá wá láti ilé. Gáréèjì kò jìnnà sí ọsibítù. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì Erinje, wọ́n jókòó sí àárín, wọ́n ń dúró kí ó kún. Ṣìkẹ́mi pín ọ̀gẹ̀dẹ̀ àárọ̀ sí méjì, ó fún ọkọ rẹ̀ ní èyí tó tóbi. Ohun tó fẹ́ bá a sọ nípa oògùn náà kò ju ìyẹn lọ. Gideon gbà á. Ó jẹ ẹ́ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Mo rò pé mò ń tọ́jú rẹ̀ ni."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ni Ṣìkẹ́mi wí. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, mo ti fi gba ìyìn."

Ọkùnrin kan wọ bọ́ọ̀sì, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ẹni tí Gideon ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, òmíràn ni. Ó wọ kóòtù funfun tí ọrùn rẹ̀ ti pọ́n, ó gbé àpò kọ́ apá. "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run! Ta ni orúnkún ń dùn? Ta ni ẹ̀yìn ń ro? Iṣẹ́ oko ni, iṣẹ́ epo ni, ẹ má kú sínú rẹ̀. Hóró méjì péré! Dìde-Kí-O-Rìn!" Ọwọ́ ti ń nà sí i láti ìjókòó iwájú, láti ti ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tí orúnkún kò dùn nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Àgbẹ̀ ni wọ́n.

Gideon dìde. Ó dìde lójijì tó fi kọ orí mọ́ àjà ọkọ̀.

"Ẹ dúró," ni ó wí.

Ṣìkẹ́mi wò ó bí ẹni tó rí pátákó tó ń fọhùn.

"Gideon ni mí, káfíńtà, Erinje. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ra oògùn yìí fún ìyá mi, ọdún kan lé. Ó rìn lóòótọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, inú wa ń dùn. Oògùn náà ń pa agbára ara rẹ̀. Ohun kan tí kò tó nǹkan, tó ń gbé inú omi kànga, gba ojú egbò wọ ara rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, kò sì dùn ún. Ọsibítù ni mo ti ń bọ̀ báyìí. Díẹ̀ ló kù kó gun orí." Ó na ìka sí àpò ọlọ́jà náà. "Ẹni tó bá ti ń lò ó, kó má jù ú nù lójijì. Kó lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó tán."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ba ọjà mi jẹ́!" ni ọlọ́jà náà wí. "Ṣé èmi ló gbẹ́ kànga yín?"

"Èmi ń lò ó, mo ń gun ọ̀pẹ," ni ọkùnrin kan wí láti iwájú. Obìnrin kan ní òun mọ ẹnìkan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ẹlòmíràn ní àwọn dókítà náà ń ta tiwọn ni. Ariwo sọ, dẹ́rẹ́bà ní kí ẹni tó bá fẹ́ wàásù sọ̀ kalẹ̀ lọ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Gideon kò tún sọ nǹkan kan mọ́. Ó ti lo ọ̀rọ̀ oṣù kan. Ó jókòó. Ṣìkẹ́mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì bìkítà ẹni tó ń wò wọ́n.

Ẹnìkan fọwọ́ kàn án léjìká láti ẹ̀yìn. Ìyá àgbà kan ni, ó wọ aṣọ oko, ó gbé agbọ̀n ẹ̀fọ́ lé itan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ roboto, ó ń dán.

"Ọmọ mi," ni ó rọra wí, ó tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ọ̀rá kékeré náà wà níbẹ̀, "kókó kan wà lẹ́yìn ọrùn mi. Kò dùn mí."

Ṣìkẹ́mi wo kókó náà. Ó lè jẹ́ eéwo lásán. Ó lè jẹ́ ohun mìíràn. Ó wo ọkọ rẹ̀, Gideon sì ti ń gba agbọ̀n ẹ̀fọ́ lórí itan ìyá náà.

"Ọkọ̀ ti kún o!" ni dẹ́rẹ́bà ké. "Mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni!"

"Máa lọ," ni Ṣìkẹ́mi wí.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Gideon mú apá kan, Ṣìkẹ́mi mú ìkejì. Wọ́n ń rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ ìyá àgbà, oòrùn lórí wọn.

"Ṣé dókítà náà kì í bú èèyàn?" ni ìyá náà bi wọ́n.

"Kì í bú èèyàn," ni Gideon dáhùn. "Ó máa kúnlẹ̀ kí yín."

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, Ṣìkẹ́mi wẹ̀yìn. Ọkùnrin tó ń gun ọ̀pẹ ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń bọ̀, ó ń ṣe bí ẹni pé ibòmíràn ni òun ń lọ. Obìnrin méjì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn gbogbo wọn, ní gáréèjì, dẹ́rẹ́bà Erinje ń fọn fèrè, ó ń fọn ọ́n, bí ẹni tí wọ́n kó lérò lójú ara rẹ̀.